Ọmọ wa ọmọ ọdún 15 kò fẹ́ bá wa lọ sí àbàtà mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi fẹ́ràn ẹyẹ àti ẹranko inú omi púpọ̀. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo wa lọ sí ilẹ̀ àbàtà kan tí wọ́n ń dáàbò bò. A jí àwọn ọmọ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, a débẹ̀ ní aago mẹ́wàá, a sì rìn títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹyẹ tí a rí kò tó nǹkan. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, padà lọ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú íápíìsì létí. Ní ìsinmi tó ń bọ̀ a tún fẹ́ lọ, òun sì ti ní òun ò lọ. Inú àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 8, ń dùn ṣìnkìn ní tirẹ̀. Bàbá wọn ní tipátipá ni ẹ̀gbọ́n yóò fi lọ. Èmi ń rò ó pé kí n fi í sọ́dọ̀ ìyá mi. Kí ni kí a ṣe? Àbí kí a ra kámẹ́rà ńlá fún un kí inú rẹ̀ lè yọ́? (Ìyá tí ọ̀rọ̀ sú)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má fi í sílé, kí bàbá rẹ̀ má sì wọ́ ọ lọ. Ìrìnàjò náà gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ohun tó ba ọjọ́ yẹn jẹ́ wà nínú aago tí ẹ kà fún wa: ẹ jí ọmọ ní mẹ́rin ààbọ̀, ẹ sì débẹ̀ ní mẹ́wàá. Ẹ jẹ ìyà ìdájí, ẹ kò jẹ èrè rẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń jẹun, tí wọ́n ń ké, tí wọ́n ń fò kiri. Bí oòrùn bá ti mú, wọ́n á wọ abẹ́ koríko lọ sinmi, ooru tó ń gbọ̀n lójú omi á sì máa da ohun tí ènìyàn ń wò láti òkèèrè rú. Láti mẹ́wàá sí mẹ́ta tí ẹ fi rìn, ilé tí onílé ti sùn ni ẹ ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oorun tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru, bẹ́ẹ̀ ni aago inú ara wọn máa ń sún síwájú nígbà tí wọ́n bá ń bàlágà, tó fi jẹ́ pé oorun kì í tètè kùn wọ́n lálẹ́. Ẹni tó sùn ní aago mọ́kànlá tí ẹ jí ní mẹ́rin ààbọ̀, oorun wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ló sùn. Ojú kíkorò tí ẹ rí lọ́jọ́ náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àfojúdi.

Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ. Bí ó bá ku nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ kí oòrùn wọ̀, kí ẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ fi wákàtí àkọ́kọ́ rìn díẹ̀díẹ̀. Kìlómítà kan péré ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ojú kan jókòó, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, ìyẹn ni pé kí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Níbi tí ẹ jókòó sí ni ohun gbogbo á ti wá bá yín: lékeléke á máa wọ́ bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sórí igi tí wọ́n ń sùn sí, wọ́n á máa jà sí ẹ̀ka. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, kọ̀ǹkọ̀ kan á dá ohùn, òmíràn á gbè é, kó tó pẹ́ gbogbo odò á gbà á. Àdán á wá jáde. Ọmọ tí kò fẹ́ jí ní ìdájí kì í sábà bá ìrọ̀lẹ́ jà.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ní ewu tirẹ̀. Àkókò ẹ̀fọn ni. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì fi oògùn alẹ́fọn tó ní DEET (kẹ́míkà tó ń lé ẹ̀fọn) ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún pa ibi tí aṣọ kò bò. Bí ẹ bá ń lo ìpara oòrùn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa ara, kí oògùn ẹ̀fọn tẹ̀ lé e. Èkejì wúwo jù: níbi tí erinmi bá wà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kúrò nínú omi lọ jẹ koríko, ẹni tó bá sì dúró sáàárín erinmi àti omi ti wà nínú ewu ńlá. Irú ibẹ̀, ẹ má dá fi ẹsẹ̀ rìn ní àkókò yẹn. Orí pèpéle gíga tàbí inú ọkọ̀ ni kí ẹ wà, pẹ̀lú amọ̀nà ibẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àbàtà etí òkun ni, aago oòrùn nìkan kò tó, ẹ ní láti wo ti omi. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 láàárín wọn, tó fi jẹ́ pé ìkún ọ̀la á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju tòní lọ. Nígbà tí omi bá fà, ẹyẹ á fọ́n ká sórí ẹrẹ̀ níbi tó jìn réré, tóótòòtó dúdú ni ẹ ó kàn máa rí. Bí omi bá ń kún bọ̀, á máa lé wọn bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ débẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú ìkún. Ọjọ́ tí ìkún bá bọ́ sí nǹkan bíi wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ mú. Wíwá ọjọ́ náà lórí àtẹ ìkún omi, iṣẹ́ ọmọ yín ni.

Ibí yìí ni mo ń bọ̀. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ìrìnàjò kò lè ṣeé ṣe láìsí i. Bí ẹ bá ní kó gbé báàgì, ẹ ti sọ ọ́ di aláàárù nìyẹn. Òun ni kó mú ọjọ́, òun ni kó yan ọ̀nà tí ẹ ó gbà, òun ni yóò máa wo aago, tí yóò sọ fún yín nígbà tó bá tó àkókò láti padà. Ẹ fi ibi méjì síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan. Àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ àbàtà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Ìránì ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971, ní àkójọ ibi tó ju 2,500 lọ káàkiri ayé, ìwé àlàyé wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: irú ẹ̀dá tó wà níbẹ̀, bí omi ibẹ̀ ṣe ń wá tó ń lọ, ohun tó ń wu ú léwu. Kó ka ti ibi tí ẹ ń lọ bí ó bá wà níbẹ̀, kó sì mú ẹ̀dá mẹ́ta péré tó fẹ́ rí. Ẹ má fún un ní ogójì, iṣẹ́ ilé-ìwé nìyẹn. Bí ẹyẹ oníka gígùn tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bá wà níbẹ̀, ẹ dárúkọ ìyẹn fún un. Nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, abo lè ní ju ọkọ kan lọ. Akọ ló ń sàba, akọ ló ń tọ́mọ. Bí ewu bá dé, bàbá á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á gbé wọn sá, ẹsẹ̀ wọn á máa rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún 15 á fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìyẹn.

Kó ní báínókúlà tirẹ̀, ìyẹn awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo òkèèrè. Ẹni mẹ́rin tó ń pín ẹyọ kan, ẹyẹ á ti fò lọ kó tó kan ẹnì kẹta. Ẹ ra 8×42: 8 ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan súnmọ́ni, 42 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mílímítà, èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé nírọ̀lẹ́. 10× ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá, pàápàá nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń sọ pé “mi ò rí nǹkan kan” kò parọ́, kò sẹ́ni tó tò ó sójú wọn ni. Kó ká apá méjèèjì títí yóò fi rí òbìrí kan ṣoṣo. Kó fi ọwọ́ bo gíláàsì ọ̀tún, kó fi ojú òsì wo ewé kan, kó yí kẹ̀kẹ́ àárín títí ewé náà á fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà kó bo ti òsì, kó fi ojú ọ̀tún wo ewé kan náà, òrùka tó wà lẹ́nu ojú ọ̀tún ni kó yí, kó má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín. Láti ìgbà yẹn, kẹ̀kẹ́ àárín nìkan ló kù. Bí ó bá ń lo awò ojú, kó tẹ rọ́bà ẹnu báínókúlà, níbi tí ojú ń kàn, wọlé. Bí kò bá lò ó, kó fà á jáde. Tó bá rí ẹyẹ, kó má gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Báínókúlà ni kó gbé wá bá ojú. Ilé ni kó ti kọ́ èyí, kì í ṣe etí omi.

Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Áàpù Merlin, tí Cornell Lab, ilé ìwádìí ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, ṣe, ń fi ohùn dá ọ̀pọ̀ ẹyẹ mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ni kó ti gba àkójọ ẹyẹ agbègbè náà sórí fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí níbẹ̀. Ó máa ń ṣìṣe nígbà mìíràn, nítorí náà ojú gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. Kó má ṣe gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ láti pè wọ́n o, ìyẹn ń fa ẹyẹ kúrò lórí ẹyin. Íápíìsì nìkan ni kí ó yọ, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un: nínú eèsún tó ga, etí ń rí ẹyẹ kí ojú tó rí i, etí náà ló sì ń gbọ́ nígbà tí nǹkan bá ń bọ̀ látẹ̀yìn.

Bí àwọn alábòójútó ibẹ̀ bá gbà, ẹ mú abọ́ pẹrẹsẹ funfun kan àti àwọ̀n kékeré olọ́wọ́ gígùn. Ẹ bu omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sínú abọ́. Ẹ fi àwọ̀n gbá àárín koríko inú omi fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30, láìkan ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá kàn án, omi dúdú nìkan ni ẹ ó rí. Ẹ dà á sínú abọ́, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí ẹ pè ní ìdọ̀tí á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ wá ọmọ lámilámi, aláwọ̀ ẹrẹ̀ tó lójú ńlá: ó ní ètè ìsàlẹ̀ tó ká mọ́ abẹ́ ojú bí apá, tó ń na jáde lójijì mú ẹran rẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́nu, á fi ìdí tú omi jáde, omi náà á sì tì í síwájú fìà! Ẹ yà á sọ́tọ̀, yóò pa àwọn yòókù jẹ. Inú òjìji ni kí abọ́ wà, kí ẹ sì dá gbogbo wọn padà síbi tí ẹ ti bù wọ́n láàárín ìṣẹ́jú 15. Àbúrò ni kó fi àwọ̀n gbá a, kí ẹ̀gbọ́n máa sọ ohun tó rí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ omi aláìníyọ̀ tó dúró sójú kan: níbi tí àtọ̀sí ajá bá wà, kòkòrò rẹ̀ ń jáde láti ara ìṣáwùrú, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Níbi tí ọ̀nì bá wà, mítà 5 sí etí omi ni kí ẹ ti dúró ó kéré tán, àwọ̀n á sì dúró sílé. Ẹrẹ̀ ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá rì, kó má fi agbára fà á. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ lè fẹ̀, kó máa mi ẹsẹ̀ kan díẹ̀díẹ̀ kí omi lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ á na igi sí i láti orí ilẹ̀ líle, kò ní wọlé bá a.

Ọ̀rọ̀ bàbá wọn wá kù. Ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ a máa pọ̀ lọ́rọ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kó má sì dárúkọ ẹyẹ tí ọmọ kò béèrè. Kí ẹ̀yin méjèèjì ti fẹnu kò kí ẹ tó bá ọmọ sọ̀rọ̀: wákàtí mẹ́ta ni, bí aago bá lù, ẹ ó lọ, bí ẹyẹ wá bí kò wá. Bí bàbá bá tún sọ pé “ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí i”, ọmọ kò ní gba yín gbọ́ nígbà mìíràn. Tí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ dúró, ìyẹn yàtọ̀.

Ní ti kámẹ́rà, ẹ má tíì rà á. Èyí tó lè mú ẹyẹ láti òkèèrè nílò lẹ́ǹsì 300 sí 400 mm, ó wúwo, ó wọ́n, ọmọ tí kò tíì mọ ìgbà tí ẹyẹ fẹ́ fò á sì kàn máa ya ìdí ẹyẹ tó ń lọ ni. Ẹ fi owó náà ra báínókúlà. Kó tẹ rọ́bà ẹnu rẹ̀ wọlé, kó fi ojú kámẹ́rà fóònù ti ẹnu rẹ̀ gan-an, kó yà á bẹ́ẹ̀. Ó sábà ń dára ju kí fóònù máa fa àwòrán súnmọ́ra lọ. Bí ó bá ṣe èyí tó sú u, tó wá fẹnu ara rẹ̀ béèrè kámẹ́rà, ẹ wá àlòkù tó dára fún un.