Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín kíkágò àti gbígbọ́ "àgò yà"?

Ìbéèrè: Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Tankẹ, ní ìlú Ìlọrin, kọ̀wé pé ẹ̀rọ ńlá ibi iṣẹ́ àwọn máa ń dákú lójijì. Ó wá ìdí rẹ̀ títí, ó sì bá a nínú Linux, ètò ìpìlẹ̀ tí ó ń darí ẹ̀rọ náà, ní apá tí ó ń to iṣẹ́ fún dísìkì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí: ètò náà ń tẹ̀lé atọ́ka (nọ́ńbà tí ó ń sọ ibi tí nǹkan wà nínú ìrántí ẹ̀rọ) tí kò tọ́ka síbì kankan. Ó fi àyẹ̀wò kan síwájú ibẹ̀, àmọ́ ní ọjọ́ kẹta ẹ̀rọ náà tún dákú. Nígbà tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ han ọ̀gá rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ Òmù-Àrán, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó rí gbà: "O kágò lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò dúró gbọ́ àgò yà." Ó fẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá náà ní lọ́kàn.

Èsì: Ohùn méjì ni àṣà yìí ní. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti ìta ni ó ń sọ pé "Àgò o!" tàbí "Àgò onílé o!", ẹni tí ó wà nílé ni ó ń dáhùn pé "Àgò yà." "Yà" inú èsì yìí kò jìnnà sí ti "yàgò", tí a fi ń lé èrò kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí eégún tàbí ẹlẹ́rù bá ń bọ̀: kí àyè ṣí sílẹ̀. Ìbéèrè ni "àgò o", nítorí náà ó yẹ kí á dúró gba èsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ti sọ ọ́ di ariwo tí a ń pa nígbà tí ẹsẹ̀ kan ti wọ yàrá, tí ọwọ́ sì ti gbé aṣọ ojú ilẹ̀kùn sókè. Èsì náà sì ní ẹrù tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ti sọ pé "àgò yà" ti gba àlejò náà. Kò lè gba ẹ̀yìnkùlé jáde mọ́ títí àlejò yóò fi jíṣẹ́ tí ó bá wá.

Ní Ìlọrin, níbi tí sálámà ti gba ipò àgò ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, òfin yìí kan náà ni. Súrà 24 nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 27 àti 28, sọ pé kí á má wọ ilé onílé láìtọrọ àyè, kí á sì kí àwọn ará ibẹ̀; bí a kò bá bá ẹnikẹ́ni, kí á má wọ ọ́; bí wọ́n bá sì ní kí á padà, kí á padà.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ilé tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń wọ̀. Apá tí ó ń to iṣẹ́ ni ó ń pinnu ta ni dísìkì yóò kọ́kọ́ dá lóhùn nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ kà á tàbí kọ nǹkan sí i. Èyí tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni BFQ, tí ó wọ inú Linux 4.12 ní ọdún 2017. BFQ a máa ya ọ̀wọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń béèrè, ó sì ń ti ara atọ́ka kan bọ́ sí òmíràn kí ó tó dé ọ̀wọ́ tí iṣẹ́ kan yóò tò sí. Bí ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà bá ti kúrò nílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn atọ́ka yìí lè ti di 0.

Ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ sílẹ̀ kí ó tó dákú ni "address: 0000000000000018". Òǹkà onímẹ́rìndínlógún ni 18 yẹn. 24 ni nínú òǹkà tí a ń fi náwó lọ́jà. Kò sí ẹni tí ó dìídì ń wá àdírẹ́sì 24. Ohun tí ó wà ní báìtì 24 láti ìbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ kan ni ètò náà fẹ́ mú, 0 ni wọ́n sì fún un gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí a bá ní kí àlejò wọ yàrá kẹta láti ẹnu ọ̀nà, nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́. Àánú ni pé 0 ni. Ká ní wọ́n ti fi ilé náà fún ayálégbé mìíràn ni, tí atọ́ka àtijọ́ sì ṣì wà, àlejò ì bá wọ inú ẹrù ẹlẹ́rù láìmọ̀, ẹ̀rọ kò sì ní tètè pariwo.

Àyẹ̀wò tí ó fi sí i wá ń kọ́? Ó ní bí atọ́ka bá jẹ́ 0, kí ètò padà. Àmọ́ kí ó tó ti àgádágodo tí ó ń dáàbò bo àwọn àkọsílẹ̀ BFQ ni ó ti ṣe àyẹ̀wò náà. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà ju ọ̀kan lọ. Bí ọ̀kan ti ń yẹ atọ́ka wò, òmíràn lè máa pa á rẹ́ lọ́wọ́ kan náà. Ojú fèrèsé ni ó ti yọjú, ó rí òjìji ẹnìkan, ó sì wọlé. Àgádágodo yẹn ni "àgò yà" tí ọ̀gá rẹ̀ ń sọ: bí a bá ti tì í, onílé kò lè jáde mọ́.

Ẹjọ́ kejì tún wà, tí ọ̀gá náà kò mẹ́nu bà, òun ni ó sì burú jù lójú tèmi. Bí àlejò bá padà láìrí onílé, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ńkọ́? Ètò tí ó ń retí èsì láti ọ̀dọ̀ dísìkì kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni padà. Yóò jókòó sójú kan, bí ìṣẹ́jú àáyá 120 bá sì kọjá, Linux lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti há. Nílé wa, a máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ará ilé kejì. BFQ náà ní ọ̀wọ́ kan tí ó fi pamọ́ fún ìgbà tí àyè kò bá tó láti dá tuntun sílẹ̀.

Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ìlà tí ó ti àgádágodo lọ sókè ìlà tí ó ń yẹ atọ́ka wò, kí ó má sì ṣí i títí iṣẹ́ yóò fi wọ ọ̀wọ́. Níbi tí ó kọ "padà" sí, kí ó darí iṣẹ́ náà sí ọ̀wọ́ ìpamọ́ yẹn.