Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Tínà wo ló dáa láti fi yọ ọ̀dà kúrò lára bọ́dì mọ́tò rìmóòtù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi bọ́dì mọ́tò rìmóòtù méjì ránṣẹ́ sí mi láti Birmingham, ọ̀kan jẹ́ Lunch Box ti Tamiya, èkejì jẹ́ Slash ti Traxxas. Ẹni tó ní wọn tẹ́lẹ̀ ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà burúkú kan sí wọn lára níta. Péńtà tó ń kun mọ́tò ládùúgbò wa ní kí n rì wọ́n sínú tínà kíá kíá kí n yọ wọ́n, pé tí ike ò bá ti yọ́, kò sí wàhálà. Ẹlòmíì ní epo búréèkì ni kí n lò. Tínà wo ló dáa jù, ìṣẹ́jú mélòó ló sì yẹ kó lò nínú ẹ̀? Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ́ bá mi ṣe é, ṣé kò sí ewu?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí tínà kankan tó dáa fún un. Ká ní ọ̀lẹ ni mí, ibẹ̀ yẹn ni mi ò bá ti dákẹ́, ìyẹn nìkan ti dáhùn ohun tó o bèèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tínà yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà lẹnì kan máa ń gbé bọ́dì tó ti là wẹ́wẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, á ní kí n bá òun lẹ̀ ẹ́, tí mo bá sì bi í pé kí ló kàn án, tínà ni, tàbí pẹtiróòlù, tàbí èyí tí ìyàwó ẹ̀ fi ń yọ kútẹ́ẹ̀sì. Mo bá ní kò ṣeé lẹ̀ mọ́, ó wá ń wò mí bíi pé èmi ni mi ò mọṣẹ́.

Péńtà yẹn ò purọ́ fún ẹ o, iṣẹ́ tiẹ̀ ló mọ̀. Irin lòun ń bó. O lè rì irin sínú tínà láti Iléyá dé Kérésì, kò ní ṣe é ní nǹkankan. Ike ò rí bẹ́ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ni ọ̀dà àti ike, ohun tó bá lágbára débi tó fi lè tú ọ̀dà, àfàìmọ̀ kó má tú ike tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà. Ohun tá à ń wá ni nǹkan tó máa bá ọ̀dà jà tí kò ní bá ike jà, o ò sì lè rí ìyẹn nínú agolo tínà, torí aséétóònù àti tòlúéènì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn gan-an sì lọ̀tá ike.

Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ bi mí ni pé irú ike wo ni wọ́n, torí méjèèjì tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ike líle ni Lunch Box, ìdílé ABS àti polystyrene, ó nípọn, tó o bá fi èékánná gbá a á dún kọ̀ kọ̀, ojú ẹ̀ níta ni wọ́n sì máa ń kun. Polycarbonate ni Slash, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lexan, General Electric ló fún un lórúkọ ọjà yẹn, orúkọ náà ló wá mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu. Lexan fẹ́lẹ́, nǹkan bíi mílímítà kan, òmíì ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó o bá fún un lọ́wọ́ á tẹ̀ á sì padà, kí wọ́n tó kun ún o lè rí òdìkejì ẹ̀ kedere. Inú ni wọ́n ti ń kun òun. Ìyẹn ni pé ọ̀dà tí Traxxas kun wà lábẹ́, ike fúnra ẹ̀ ló bò ó lókè. Fi ìyẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ níbẹ̀. Tí bọ́dì kan bá wà tó ò dá mọ̀, dojú ẹ̀ dé kó o wo inú ẹ̀ dáadáa, nígbà mìíì wọ́n máa ń tẹ PC (ìyẹn polycarbonate) tàbí ABS tàbí PS (ìyẹn polystyrene) sí i ní kọ̀rọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ tó wá burú jù nínú gbogbo ohun tí péńtà sọ ni "tí kò bá ti yọ́, kò sí wàhálà" yẹn. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́, torí ibẹ̀ lẹ ti ń pàdánù owó.

Ike líle á yọ́ lóòótọ́, o ò sì ní wá ẹlẹ́rìí. Tó o bá fẹ́ fojú ara ẹ rí i, mú páàkì funfun tó fúyẹ́ yẹn tí wọ́n fi ń di ìrẹsì fún èèyàn, gbé e síta gbangba níbi tí kò ti sí iná tàbí jẹnẹrétọ̀, kó o kán pẹtiróòlù díẹ̀ sí i. Ojú ẹsẹ̀ ló máa jìn wọnú, á máa ṣe ṣáà ṣáà, ohun tó máa kù nísàlẹ̀ á máa fà yọ́ọ́yọ́ọ́. Polystyrene ni páàkì yẹn, afẹ́fẹ́ ni wọ́n kàn fẹ́ sí i nínú tó fi wú. Bọ́dì líle ò ní yára tó bẹ́ẹ̀ torí pé ó nípọn, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀, á gba àmì ìka ẹ, ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára ilẹ̀kùn àti gíríìlì á pòórá, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Lexan ló máa ń tan èèyàn jẹ. Òun ò ní yọ́ bẹ́ẹ̀. O rì í, o yọ ọ́, ojú ẹ̀ lè ṣú díẹ̀, ó sì lè máà ṣe ohunkóhun tójú rí, wàá ní ẹ̀gbọ́n kàn ń dẹ́rù bani ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n máa gbé abala ike sórí ooru títí á fi rọ̀, wọ́n á fà á bo mọ́ọ̀dù, á wá tutù síbẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n ti fà á jù, àwọn kọ̀rọ̀, orí táyà, àti ojú ihò tá a fi ń gbé e kọ́ orí mọ́tò, ipá tí wọ́n fi fà á ṣì há sínú ike níbẹ̀. Àárín ibi tó há yẹn gan-an ni tínà máa ń wọ̀, á dẹ ohun tó so ike pọ̀, ìlà tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ abẹ́ ọ̀dà tó ò ti lè rí i ló wà. O máa tún un kùn, á rẹwà, wàá ya fọ́tò. O gbé e lọ sí pápá, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀, orí táyà fà ya dé wíńdò. Ike tí wọ́n fi ń ṣe apata àwọn ọlọ́pàá ajàjàgùdù nìyẹn o, kì í ṣe ike tó yẹ kó ya bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá máa bú ilé iṣẹ́ pé ayédèrú bọ́dì ni wọ́n tà fáwọn. Ayédèrú kọ́, tínà àná ló ń ṣiṣẹ́. Irú ike yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe iná iwájú mọ́tò tòde òní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi pẹtiróòlù nù ún kó lè dán, ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún un nìyẹn.

Torí náà, tó o bá bi mí ní ìṣẹ́jú mélòó, mi ò ní iye tí mo lè kọ síbí. Bí ipá tó há sínú bọ́dì kan ṣe pọ̀ tó yàtọ̀ sí ti bọ́dì mìíì, ojú ò sì lè rí i.

Ó dáa, Lunch Box. Dettol ni kó o lọ rà. Má rẹ́rìn-ín. Dettol aláwọ̀ tíì tá à ń kán sómi ìwẹ̀, kì í ṣe ọṣẹ ẹ̀, àwọn tó ń kun ère ike kéékèèké nílùú ọba ti ń fi bó ọ̀dà ó ti pẹ́. Má fi omi là á rárá. Bọ́dì yẹn ò kéré, tó o bá ní kó o rì í mọ́lẹ̀ owó ẹ máa pọ̀, aṣọ àlòkù ni kó o rẹ sínú Dettol, fi wé bọ́dì yíká, kó o kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá, kó o so ó. Kí o tó ṣèyẹn o, fi òwú kán díẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀ níbi tẹ́nikẹ́ni ò ní rí, lọ jẹun, padà wá wò ó bóyá ike rọ̀ tàbí ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Mi ò rí bọ́dì ẹ, mi ò sì mọ irú ọ̀dà tónítọ̀hún kùn, ọwọ́ ẹ lọ̀rọ̀ wà. Tó bá dáa, máa tú u wò ní wákàtí méjì mẹ́ta. Ọ̀dà míì á ti máa wú, á máa hunjọ, òmíì máa sùn mọ́jú.

Ibi tí púpọ̀ ti ń kó síṣòro rèé: bí ọ̀dà bá ti rọ̀ báyìí, wọ́n á gbé bọ́dì lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi. O mọ̀ pé tí Dettol bá ti kan omi, á funfun báláú. Òróró igi páìnì tó wà nínú ẹ̀ ló ń já ara ẹ̀ gbà nígbà yẹn, ọ̀dà tó ti rọ̀ máa wá di gọ́ọ̀mù, á dí gbogbo ojú gíríìlì, á lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, o máa fẹ́ sunkún. Dettol náà ni kó o fi fọ ọ̀dà yẹn kúrò. Bu Dettol tuntun díẹ̀ sínú abọ́, mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, máa ha á, máa fi tíṣù nù ún, títí tíṣù á fi mọ́. Ìgbà yẹn lomi àti ọṣẹ abọ́ tó wọ̀ ọ́. Wọ ìbọ̀wọ́ torí Dettol tí wọn ò fomi là máa ń jó awọ ara, tẹ́ ẹ bá sì ní ológbò, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀, májèlé ni fún un. Ohunkóhun tó bá ń dán bíi kúróòmù lára mọ́tò náà, kọ́kọ́ tú u sọ́tọ̀, àwọn ìyẹn máa ń ṣí.

Slash. Má rì í sínú nǹkankan. Rántí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dà burúkú yẹn wà níta, ti Traxxas wà nínú, ike ló là wọ́n láàárín. Tòde nìkan lo fẹ́ yọ, tinú ò ṣẹ ẹ́. Tó o bá rì í, méjèèjì lo máa bàjẹ́. Fi téèpù bébà dí àwọn ihò ẹ̀, kó o wá IPA, isopropyl táwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village fi ń fọ bọ́ọ̀dù, tí wọ́n kọ 91 tàbí 99 sí lára. Kán an sí aṣọ rírọ̀, nù ún níbi kékeré kan, dúró díẹ̀, nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá jẹ́ acrylic ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, á máa bá aṣọ lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀dà ilé lásán, IPA lè má ràn án, ṣùgbọ́n irú ọ̀dà yẹn kì í di lexan mú, tẹ bọ́dì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ọ̀dà yẹn á máa là, lẹ téèpù líle mọ́ ọn kó o fà á, èyí tó bá ṣẹ́kù fi èékánná tàbí igi ìtayín ha á. Kì í ṣe ọ̀bẹ o. Má bá mi mú sípírítì ilé oògùn wá, wọ́n sábà máa ń po mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ ọn, lexan ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Sanitáísà náà, rárá.

IPA máa ń gbaná o. Tí ooru bá ti kọjá 12 °C báyìí, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹ̀ ti lè gbaná, ṣé o mọ ìgbà tí ilé ẹ tutù tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn? Ìta ni kó o ti ṣe é, kó jìnnà sí kúkà gáàsì àti sí ẹni tó ń mu sìgá.

Tó bá wá ṣe ẹ́ bíi kó o yọ tinú náà kí ike mọ́ gaara padà, gbàgbé ẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún lexan, bíi ọ̀dà PS ti Tamiya (orúkọ ọ̀dà nìyí o, kì í ṣe PS tí wọ́n ń tẹ̀ sára ike), ńṣe ló máa ń jẹ ojú ike díẹ̀ kó lè rí ibi dì mú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bó nígbà tí bọ́dì bá tẹ̀. Ohun tó ti wọnú ike, báwo lo ṣe fẹ́ yọ ọ́? Ra bọ́dì tuntun tí wọn ò tíì kùn, o ò ní ná tó iye tó o fẹ́ fi bà á jẹ́. Tó o bá sì fẹ́ tún Lunch Box kùn, ọ̀dà TS ti Tamiya ni wọ́n ń lò fún ike líle, má lọ gbé ọ̀dà PS fún un, ó tiẹ̀ ń bá ike líle jà.

Epo búréèkì: lórí ike líle, DOT 3 tàbí DOT 4 máa ń bó ọ̀dà míì lóòótọ́, DOT 5 ò lè ṣe é torí sílíkóònù ni. Ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ nínú ẹ̀ ike lè gbẹ kó máa ṣẹ́, ó ń ba awọ jẹ́, o ò sì mọ ibi tó o máa dà á sí. Lórí lexan, má dán an wò rárá. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ náà, lexan ò lè farada á, ojú ẹ sì ṣe pàtàkì ju mọ́tò lọ.

Ọmọ ẹ: má jẹ́ kó fọwọ́ kan Dettol tàbí IPA. Sítíkà ni kó o fún un. Ìwọ fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ ooru díẹ̀ sí i títí gúlúù á fi rọ̀, òun á máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọmọ ní sùúrù fún nǹkan yẹn ju àwa lọ, ìka wọn sì kéré.