Ṣé lóòótọ́ ni oògùn kan lè fọ ọ̀rá kúrò lára?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi ga díẹ̀. Mo ti pa òróró tì pátápátá nínú oúnjẹ. Ẹnì kan wá gbé oògùn olómi kan wá, ó ní á fọ gbogbo ọ̀rá kúrò lára mi. Ẹ jọ̀ọ́, nínú oríṣiríṣi lípíìdì tí wọ́n ń sọ, èwo ni májèlé?

Ìdáhùn: Ẹ má fẹnu kan oògùn yẹn. Nínú àwọn lípíìdì tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, kò sí èyí tó jẹ́ májèlé. Ó ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ "fífọ ọ̀rá" gba owó lọ́wọ́ aláìsàn.

Lípíìdì ni ọ̀rá, òróró, ìda àti àwọn ìbátan wọn tí kì í pò mọ́ omi. Inú ọ̀rá ni ara ń fi agbára pamọ́ sí: gíráàmù kan ń mú nǹkan bíi kilokálórì 9 wá, ti ṣúgà kò ju 4 lọ. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni fọ́sífólípíìdì. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ méjèèjì ń sá fún un. Bí wọ́n bá pọ̀ nínú omi, wọ́n á tò ní ìlà méjì, ìrù á kọjú sí ìrù, orí á wà níta. Awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lára yín ká nìyẹn. Àárín àwọn ìrù wọ̀nyẹn ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, tí òun náà jẹ́ lípíìdì, ń há sí, kí awọ náà má baà le jù, kó má sì rọ̀ jù. Ẹni tó bá fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, sẹ́ẹ̀lì wo ló kù fún un?

Ara yín, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yín. Ó ń fi ṣe omi òróòro tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Ó tún ń fi ṣe àwọn hómóònù (èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú ara) bíi estrogen, testosterone àti cortisol. Ibi tí wàhálà wà ni bó ṣe ń rìn. Kò lè yòrò sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ìdì kéékèèké bíi LDL ló ń gbé e kiri. Bí LDL bá pọ̀ jù fún ọdún gbọọrọ, ó ń wọ inú ògiri òpójẹ̀, ó ń kóra jọ síbẹ̀ títí ọ̀nà fi ń fún. Ibẹ̀ ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ń wá. Bí oògùn olómi yẹn bá jẹ́ irú èyí tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ gbuuru, kò dé ibẹ̀ rárá. Omi àti iyọ̀ ara ló ń tú dànù, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáká sì lè fara gbá a gan-an.

Òróró ńkọ́? Ẹ dá a padà ní ìwọ̀nba. Ásíìdì ọ̀rá méjì wà, linoleic àti alpha-linolenic, tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Fítámìnì A, D, E àti K náà nílò ọ̀rá kí ìfun tó lè gbà wọ́n dáadáa. Ọ̀rá tó máa ń dì gbagidi ni kí ẹ dín kù, kí ẹ fi òróró irúgbìn tó ń ṣàn rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì fi owó púpọ̀ ra èyí tí wọ́n kọ "kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù" sí lára, nítorí irúgbìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ní i tẹ́lẹ̀.

Èmi kò rí ìwé àyẹ̀wò yín, n kò sì lè tìtorí "ó ga díẹ̀" kọ oògùn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú yín, kí ẹ bèèrè iye LDL, HDL (ìdì mìíràn tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù) àti triglyceride (ọ̀rá tí ara ń fi agbára pamọ́ sí) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹ bá ń mu sìgá, tàbí bí àrùn ọkàn bá ti mú ẹnì kan nínú ẹbí yín láì tíì dàgbà. Bó bá kọ statin, oògùn tó ń dín LDL kù, fún yín, ẹ má dá a dúró nítorí ohun tí ọlọ́jà kankan sọ.