Dókítà, wọ́n ní eyín ọmọdé ni, ó máa ká, ṣé kí n fi sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ dókítà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún méjì àbọ̀. Eyín iwájú ẹ̀ lókè ti pọ́n, méjì nínú ẹ̀ ti ń jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tìsàlẹ̀ sì funfun báláú. Fídà ló máa ń mu sùn lálaalẹ́, tí n bá gbà á, igbe ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé eyín ọmọdé ni, ó máa ká. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo sì lè ti máa fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sílẹ̀. Màmá àgbà ò parọ́, ó máa ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà wo ló máa ká? Eyín 20 lọmọdé ń ní, tiwájú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká ní nǹkan bí ọdún 6 sí 7, àmọ́ tẹ̀yìn tó fi ń jẹun yẹn, ó di ọdún 10 sí 12 kó tó kúrò tán. Ọmọ yín ò tíì pé 3. Tí kòkòrò bá sì ti wà níwájú, kì í pẹ́ tó fi ń dé ẹ̀yìn.

Abẹ́ eyín ọmọdé yẹn náà ni eyín àgbà ti ń dàgbà nínú egungun, tí ọyún bá wá gbára jọ sí gbòǹgbò eyín ọmọdé yẹn, ó lè ba eyín àgbà tó wà lábẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó tó hù rárá. Bó bá sì di pé wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn kó tó tó àsìkò, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á sún wọ àyè ẹ̀, nígbà tí eyín àgbà bá dé, kò ní ráyè, á hù wọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn, fídà alẹ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ọmọ bá ń mu fídà, ahọ́n ẹ̀ máa ń bo eyín ìsàlẹ̀, itọ́ náà sì ń sun níbẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi funfun. Tòkè ni wàrà ń dúró sí lára. Tó bá wá sùn lọ, itọ́ á dínkù gan-an, ṣúgà inú wàrà yẹn á wà níbẹ̀ mọ́jú, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á máa jẹ ẹ́, wọ́n á máa sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń jẹ eyín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn òbí pé kì í ṣe bí nǹkan dídùn ṣe pọ̀ tó nìkan, iye ìgbà tó ń wọ ẹnu ló le jù. Ọmọ tó jẹ bísíkíìtì lẹ́ẹ̀kan tó jẹ ẹ́ tán sàn ju èyí tó ń fa júùsì díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ lọ.

Ẹ má já fídà yẹn gbà lójijì. Ẹ máa bu omi là á, lónìí díẹ̀, lọ́la kó pọ̀ sí i, títí tó fi máa di omi lásán, ẹ ó rí i pé òun fúnra ẹ̀ á fi í sílẹ̀. (Torí pé ọmọ yín ti ju ọdún kan lọ ni mo ṣe sọ èyí, ẹ má bu omi la wàrà ọmọ jòjòló o.)

Ọṣẹ ìfọyín ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, àtìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ ló yẹ, kó sì jẹ́ èyí tó ní fluoride, ìyẹn èròjà tó ń mú kí eyín le, ẹ wo ara páálí ẹ̀, kí iye fluoride tí wọ́n kọ síbẹ̀ má dín ní 1000 ppm. Ọmọ tí ò tíì pé 3, bí hóró ìrẹsì kan péré ni kẹ́ ẹ fi sí i, láti ọdún 3 sí 6 kó tó bíi hóró ẹ̀wà kékeré. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, tàlẹ́ ni ẹ ò gbọ́dọ̀ fò, lẹ́yìn ẹ̀ omi mímu nìkan ló tún gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ẹ̀. Kó tutọ́ dànù, ẹ má fomi ṣan ẹnu ẹ̀ kí fluoride yẹn lè dúró. Ẹ jẹ́ kó gborí lé itan yín, ẹ fi ìka gbé ètè òkè ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ fọ ibi tí eyín ti pàdé èrìgì dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa di búrọ́ọ̀ṣì yẹn mú títí á fi tó ọdún 7 tàbí 8, ọmọ tí ò tíì lè so okùn bàtà ẹ̀ ò lè fọ eyín ẹ̀yìn kó mọ́.

Tẹ́ ẹ bá gbé ètè yẹn tẹ́ ẹ rí ìlà funfun bíi ẹfun lẹ́bàá èrìgì, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, fluoride ṣì lè dá a padà. Ṣùgbọ́n èyí tó ti pọ́n tó sì ti ń jẹrà bíi ti ọmọ yín, búrọ́ọ̀ṣì nìkan ò lè ṣe é mọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà eyín lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù yíyọ ló ń ba ọ̀pọ̀ òbí, àmọ́ a lè dí i, oògùn kan tún wà tá a máa ń fi kàn án tó ń dá jíjẹrà yẹn dúró láìlo abẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ á dúdú ṣá.

Wọ́n gbé ọmọ ọdún 4 kan wá bá mi rí, ìyá ẹ̀ ní kò fẹ́ràn ẹran, pé ó máa ń tọ́jú ẹ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́ ni. Mo fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí nǹkan kékeré kan bí eéwo lórí èrìgì, orí ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ọyún ni. Ọmọ yẹn ò sọ fẹ́nì kankan pé eyín ń dun òun, torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn ún débi pé kò mọ̀ pé eyín kì í dunni. Nítorí náà ẹ má dúró dìgbà tí tiyín bá sunkún.

Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ ojú ẹ̀ bá sì wú, tára ẹ̀ gbóná, tàbí tí kò lè la ẹnu dáadáa, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tí mo sọ yẹn o, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kódà kó jẹ́ òru.