Kì í ṣe ìdọ̀tí ló wà lọ́rùn rẹ

Àbúrò mi, o ní skáànù sọ pé “cyst” pọ̀ nílé ẹyin rẹ lọ́tùn-ún lósì, ìyá ọkọ rẹ sì ní kí wọ́n gbé e jáde. O tún ní ọrùn rẹ dúdú, ọṣẹ ò ká a. Rọra ná. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá. PCOS ni wọ́n pe tèmi, ìṣòro họ́mọ́ònù tó ń yọ ilé ẹyin lẹ́nu.

Télọ̀ ni mí ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọdún méje ni mo fi rán kọ́là gíga sí gbogbo aṣọ ara mi, nínú ooru oṣù Kẹta, nítorí ìpàkọ́ mi. Ó dúdú, ó nípọn, tí o bá fọwọ́ rá a, á rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán. Abíyá náà bẹ́ẹ̀. Màmá mi fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Kò gbọ́. Dókítà kan ló kọ́kọ́ wo ọrùn mi kó tó wo ikùn, ló bá ní kí n lọ yẹ ṣúgà wò. Ó ní ara mi ò gbọ́ ti ínsúlíìnì, họ́mọ́ònù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, dáadáa mọ́, ara wá ń tú u jáde ní àtújù. Àpọ̀jù yẹn ló ń sọ awọ di àrán, òun náà ló ń ti ilé ẹyin tó fi ń pọ họ́mọ́ònù ọkùnrin jù. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n mi ti wá, àti rorẹ́ tó ń wú lágbọ̀n ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. (Réésà mi wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Ọkọ mi ò mọ̀ títí dòní.)

Ti skáànù yẹn, wọn kì í ṣe kókó tí à ń gé. Àpò ẹyin kéékèèké ni wọ́n, ó yẹ kí ọ̀kan gbó kó sì bẹ́ lóṣù, àmọ́ gbogbo wọn dúró sójú kan. Mìlímítà 2 sí 9 ni wọ́n, èyí tó tóbi jù ò tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Tèmi tò yí etí ilé ẹyin ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Lọ́dún 2003, àpò 12 nínú ilé ẹyin kan ni àwọn dókítà fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ̀rọ ti ń ríran sí i, ó ti di 20 báyìí, tàbí kí ilé ẹyin fúnra rẹ̀ tó mìlílítà 10. Ẹni tó bá kọ “ó pọ̀” láì kọ iye, oníbàárà tó ní kí n rán bùbá láì jẹ́ kí n wọn òun ni.

Skáànù nìkan ò sì tó. Nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, àmì họ́mọ́ònù ọkùnrin, àti skáànù: méjì nínú mẹ́ta yìí ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó pè é ní PCOS, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ tairọ́ìdì (ẹ̀yà ara tó ń pọ họ́mọ́ònù nínú ọ̀fun) àti họ́mọ́ònù omi ọmú wò. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 8 láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, kí wọ́n má fi skáànù dá a lẹ́jọ́ rárá, torí ilé ẹyin tó ń bálágà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Metformin, oògùn tó ń jẹ́ kí ara gbọ́ ti ínsúlíìnì, ni wọ́n kọ fún mi, mo dín ẹ̀bà alẹ́ kù, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan oṣù ló kọ́kọ́ padà. Ọrùn pẹ́, ó tó oṣù mẹ́wàá kí kọ́là mi tó wálẹ̀.

Mélòó ni wọ́n kọ sí ìwé tìrẹ? Ìgbà wo lo sì rí nǹkan oṣù kẹ́yìn?