Hẹ́dà fún Corvette LS1: ohun tí ojú mi rí kí ariwo náà tó dákẹ́

Ẹ béèrè pé ṣé kí ẹ ra hẹ́dà olówó pọ́ọ́kú (àwọn páìpù tó ń gba èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì) fún Corvette ọdún 2002 yín, ọkọ̀ eré Amẹ́ríkà yẹn, ṣé páìpù íǹṣì 1¾ ni tàbí 1⅞, àti bóyá ènìyàn lè so ó fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì ilé. Irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni mo ní níhìn-ín ní Houston, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti so hẹ́dà mọ́ ọn, nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò bá mi kalẹ́. Nílé, gbogbo páìpù èéfín láti ẹ́ńjìnnì dé ìrù ọkọ̀ ni a ń pè ní sàléńsà, ṣùgbọ́n apá tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, torí ibẹ̀ ni mo ti fara gbá a.

Ti ìwọ̀n páìpù ló rọrùn jù láti dáhùn. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan inú ẹ́ńjìnnì LS1 lítà 5.7 yín, íǹṣì 1¾ ló tọ́ sí i. Mánífóòdù tó bá ọkọ̀ wá, ìyẹn irin tó ń kó èéfín jáde tí hẹ́dà máa rọ́pò, kúrú, èéfín sìlíńdà kan sì máa ń forí gbárí pẹ̀lú ti èkejì kó tó ráyè jáde. Nínú hẹ́dà gígùn, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀ títí dé ibi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, bí èéfín bá sì ti ń sá lọ nínú rẹ̀, ó máa ń fa èyí tó ṣẹ́ kù nínú sìlíńdà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìfà yẹn ló ń bí agbára, eré tí èéfín ń sá ló sì ń bí ìfà. Bí páìpù bá fẹ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde lọ, èéfín á máa rọra rìn, ẹ ó sì pàdánù agbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá sáré púpọ̀, bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn láàárín ìlú nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ti pààrọ̀ káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì), tàbí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ju ti yín lọ, ni kó máa wá 1⅞ kiri. Agbára tí èmi jèrè, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ní ìdí táyà, jẹ́ nǹkan bí agbára ẹṣin 20, lẹ́yìn tí wọ́n tún ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó bá ṣèlérí 50 fún yín lórí hẹ́dà nìkan, ẹ má ṣe fún un lówó.

Owó ni mo wò nígbà tí mo ra ti àkọ́kọ́. Ó ń dán bíi dígí nínú páálí rẹ̀, wọ́n kọ sítéńlẹ́ẹ̀sì sí i lára, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ láìyẹ ojú irin pẹlẹbẹ tó máa fara kan ẹ́ńjìnnì wò. Ooru wẹ́ẹ̀dì máa ń ká irin. Bí ẹni tó ṣe é kò bá fá ojú rẹ̀ kó tẹ́ padà lẹ́yìn tó wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tán, yóò tẹ̀ bí ọrun, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fún bóòtù tó tí yóò fi tẹ́ pátápátá. Kí ẹ tó tú bóòtù kankan lára ọkọ̀, ẹ gbé rúlà irin lé ojú náà, kí ẹ sì tan iná sẹ́yìn rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rúlà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì nípọn tó íǹṣì 3/8, sítéńlẹ́ẹ̀sì irú tí wọ́n ń pè ní 304 sì ni. Sítéńlẹ́ẹ̀sì náà ni 409, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń dípẹtà. Òòfà máa ń gbá a mú, nígbà tí òòfà kì í sábà lẹ̀ mọ́ 304. Òòfà kékeré kan ti tó láti mọ ohun tí ẹ ń rà.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí mo so ti àkọ́kọ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ṣáná sí ọkọ̀ láàárọ̀, màá gbọ́ ta-ta-ta-ta lọ́wọ́ òsì, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èékánná kan páànù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, irin á wú, ariwo á dákẹ́, èmi náà á sì gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni iná ẹ́ńjìnnì tàn, tí òórùn epo sì gba gbogbo gáréèjì. Mo ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tuntun méjì, kò yí nǹkan kan padà. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ihò tó bá wà kí èéfín tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ kì í kàn tú èéfín síta lásán. Láàárín ìtújáde kan sí èkejì, ó tún máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Sẹ́ńsọ̀ á rí afẹ́fẹ́ náà, á ròyìn pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo kún epo. Nígbà tí mo wá fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wo sìlíńdà 7, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá lọ́wọ́ awakọ̀, mo rí ìlà dúdú kan tó jáde láti etí gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí àlàfo láàárín hẹ́dà àti ẹ́ńjìnnì. Ó tín-ín-rín níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ̀ lọ bí ìyẹ́ adìyẹ lórí álúmínọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnnì. Mo fi ìka kàn án, ó sì yí mi lọ́wọ́ bíi dúdú ìdí ìkòkò. Owó sẹ́ńsọ̀ méjì ti lọ.

Nípa síso ó fúnra yín, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ya òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ má sì ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Orí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó dúró ṣinṣin ni kí ó wà, kó sì ga dáadáa, torí pé láti ìsàlẹ̀ ni hẹ́dà ti máa gòkè. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì. Ẹ yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì, kí hẹ́dà má baà fọ́ wọn bó ṣe ń gòkè, kí ẹ sì yọ páìpù gééjì ọ́ìlì kúrò lọ́nà.

Bóòtù àtijọ́ ló ń pa ènìyàn lẹ́kún jù. Ojú rẹ̀ kéré, ó sì ti jóná fún ogún ọdún. Ẹ fi ọ́ìlì tó ń jẹ ìpẹtà sí i ní alẹ́ ọjọ́ méjì léra, kí ẹ sì tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí pé ooru máa ń mú kí álúmínọ́ọ̀mù wú ju irin bóòtù lọ, ìdìmú rẹ̀ á sì dẹ̀. Kíkánjú ni èmi kán jú, orí bóòtù kan sì já ní sìlíńdà 8. Wẹ́dà kan ló bá mi lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ kùkùté tó kù, tó sì fi sípánà yí i jáde. Ká ní mo fi ẹ̀rọ lu ú ni, bóyá ihò náà ni ǹ bá bà jẹ́.

Bí ẹ bá ń so tuntun, ẹ má ṣe lo gásíkẹ́ẹ̀tì bíi páálí tí wọ́n kó sínú àpótí. Ẹ ra ti onírin alábala irú èyí tí General Motors, ilé iṣẹ́ tó ṣe Corvette, ń lò. Ẹ fi ọwọ́ nìkan ki gbogbo bóòtù bọlé kí ẹ tó mú sípánà, lẹ́yìn náà kí ẹ fún wọn láti àárín lọ sí ìkangun: 11 lb-ft (ìwọ̀n bí a ṣe fún bóòtù tó, tí sípánà onídíwọ̀n máa ń fi hàn) ní àkọ́kọ́, kí ẹ tún yí i ká dé 18 lb-ft. Wáyà pílọ́ọ̀gì kò gbọdọ̀ fara kan páìpù rárá. Ọ̀kan lára tèmi súnmọ́ ọn jù, ní ọjọ́ kejì rọ́bà orí rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là, sìlíńdà náà kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ rí i pé ihò sẹ́ńsọ̀ kò dojú kọ ilẹ̀, torí omi tó ń kóra jọ nínú páìpù lè bà á jẹ́.

Ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní kátàlítíìkì, ohun tó ń dín májèlé inú èéfín kù. Òfin Clean Air Act ti Amẹ́ríkà kò gba kí a yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó ń rìn ní títì, California sì ń béèrè nọ́ńbà àṣẹ lórí hẹ́dà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó tutù mọ́jú, kí ẹ sì tún fún gbogbo bóòtù náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn máìlì 100. Bí ẹ bá gbọ́ ta-ta-ta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá ìlà dúdú yẹn kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ kankan.