Òróró álímọ́ńdì dára lójú, àmọ́ ẹ má fi pa ojú egbò

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òróró álímọ́ńdì dára fún ojú tó ń gbẹ, àti bóyá ẹ lè fi pa ọmọ yín. Ti ojú, ó dára. Èmi fúnra mi lò ó fún ọdún 6, ó mú ara mi rọ̀. Ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ para kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán, ó ti parí.

Ti ọmọ ló ń dùn mí. Ọmọ mi obìnrin kò tíì pé ọdún kan tí ẹ́síímà, àìsàn awọ ara tó máa ń yún, fi mú un. Ó ń họ orúnkún àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Wọ́n ní òróró yìí kì í pa ọmọdé lára, mo bá ń fi pa á láàárọ̀, lálẹ́, lórí ibi tó ti bó gan-an. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ sú, ó pọ́n, kò jẹ́ kó sùn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní ooru ni. Mo tún padà lọ, ó tún ní ooru ni. Kò bi mí rárá pé kí ni mo fi ń pa ọmọ! Bí mo bá ti rántí, inú á tún bí mi. Mo délé, mo tún ń fi kún òróró náà, torí mo rò pé gbígbẹ ara ló ń dà á láàmú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ètè àti ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé ló kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ̀yin màmá, kí lẹ fi pa á?" Àyẹ̀wò fi hàn pé álímọ́ńdì ni ara rẹ̀ kọ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé pùrótéènì álímọ́ńdì tó wà nínú òróró náà lè gba ojú egbò wọlé, kí ara sì kọ́ láti máa bá a jà. Òróró tí wọn kò yọ́ mọ́ dáadáa lè ní pùrótéènì yìí ju èyí tí wọ́n yọ́ mọ́ lọ.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ "hypoallergenic" (pé ara kì í sábà kọ̀ ọ́) tó wà lára ìgò gbọ́. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fúnra wọn sọ pé kò sí ìlànà ìjọba tó sọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́yìn: Prunus Amygdalus Dulcis Oil ni ti álímọ́ńdì dídùn. Ẹ sá fún ti kíkorò, torí májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì lè wà nínú ẹ̀. Bí ojú yín bá máa ń yọ rorẹ́, ó lè dá kún un.

Kí ẹ tó máa lò ó, ẹ kán díẹ̀ sí awọ inú apá, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48, kí ẹ wò ó bóyá ara yín máa kọ̀ ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ álímọ́ńdì ní jíjẹ kò gbọ́dọ̀ dán an wò rárá. Bí ara ọmọ yín bá bó, ẹ má tíì fi òróró náà pa á. Bí ètè rẹ̀ bá sì wú, tàbí tí mímí ń nira fún un, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.